Ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù: Ìdajì tí Káábù Fi Sílẹ̀

Àsàláámù àlékùm, ẹ̀yin jàmáà mi.

Ọ̀rọ̀ lórí ìmúra Ààwẹ̀ ni mo ti kọ tán fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo gbé e tì di Jímọ̀ tó ń bọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ onílé tó yọ ilẹ̀kùn ilé lára ayálégbé tó jẹ ẹ́ lówó ilé, tí wọ́n sì fi fóònù ká a. Ẹni tó bá mọ àwọn tọ́rọ̀ kàn kó dákẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ kó má wulẹ̀ wádìí.

Hàdíìsì kan wà nínú ìwé Bùhárì àti ti Mùsílímù. Káábù ọmọ Máliki ń sin Ibn Abí Hadradi ní gbèsè nínú mọ́sáláṣí Ànábì gan-an. Ohùn wọn ròkè débi pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a) gbọ́ ọ láti inú ilé. Ó jáde, ó ká aṣọ ìkélé yàrá rẹ̀ sókè, ó pe Káábù, ó fọwọ́ júwe fún un pé kó fi ìdajì sílẹ̀. Káábù ní, "Mo ti fi í sílẹ̀, ìwọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun." Ànábì wá sọ fún onígbèsè pé, "Dìde, san án fún un."

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ pè? Ẹni tó ni owó ni. Kò bi í bóyá owó náà tọ́ sí i, nítorí ó tọ́ sí i. Káábù náà kò ní kí wọ́n jẹ́ kóun rò ó wò, kò ní kí wọ́n lọ bá lọ́yà òun. Ṣùgbọ́n ìdajì ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, "Dìde, san án" sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ayálégbé máa ń sáré fò.

Ẹ̀yin onílé tó wà láàárín wa, ní Kubwa, ní Nyanya, ní Lugbe, mo mọ̀ pé owó yàrá méjì yẹn ni ẹlòmíràn nínú yín fi ń ra oògùn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ilé rẹ̀ ṣe sàárà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó owó ọdún kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ọjọ́ tó ti wọlé, tí iṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ilẹ̀kùn ló yẹ ká yọ lára ilé onítọ̀hún? Kí ọmọ máa sùn nínú rẹ̀? Òfin Abuja pàápàá kò gbà á. Bí àdéhùn yín kò bá sọ ohun mìíràn, ìwé oṣù 6 pé kó kó jáde ló tọ́ sí ayálégbé olówó-ọdún, kí ìwé ọjọ́ 7, èyí tó ń sọ pé onílé fẹ́ lọ gba ilé rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, tó tẹ̀lé e. Kọ́ọ̀tù ló sì ń lé èèyàn jáde, kì í ṣe káfíńtà. Ọlọ́hun ti sọ tirẹ̀ ṣáájú kọ́ọ̀tù, nínú Súrátùl Bákárà, ẹsẹ 280: bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, ẹ dúró dè é títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fi fóònù ká a, tẹ́ ẹ gbé e sórí Wasáàpù, kí lẹ rí jẹ níbẹ̀?

Ìwọ ayálégbé, má tíì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ti lọ tipẹ́, o ò yọjú sónílé. Ó pè, o pa fóònù. Ejẹ́ńtì kan ilẹ̀kùn, o ní kí ọmọ sọ pé bàbá òun ò sí nílé. Ṣé bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn? Lọ kí ọjọ́ tó pé. Lọ fúnra rẹ, mú èyí tó wà lọ́wọ́ dání, bó ti wù kó kéré mọ. Sọ bí iṣẹ́ ṣe bọ́. Dá iye tí apá rẹ ká lóṣooṣù, má dá iye tó máa dùn létí rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ 282 nínú Súrátùl Bákárà kan náà ti wí. Ká má sì tún wá rí àgbò Iléyá ńlá lẹ́nu ọ̀nà rẹ lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ yẹn o.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń kírun lẹ́yìn mi, mi ò sì fẹ́ pàdánù ẹnì kankan. Onígbèsè wà lára ìsọ̀rí 8 tí sàká tọ́ sí (Súrátù Taobah, ẹsẹ 60). Ẹni tọ́rọ̀ kàn kó wá bá mi lẹ́yìn Àsùbá, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Bí ẹ bá sì ń fẹ́ kí àwọn àgbà mọ́sáláṣí bá yín lọ bẹ onílé, a ó lọ. Kí Ọlọ́hun dá ohun tó bọ́ padà, kó jẹ́ kí ilé tu onílé àti àlejò lára. Àmín.

Ìkéde, kí ààyè tó tán: Àsàláátù àwọn obìnrin ti sún sí aago 10 òwúrọ̀ Àìkú. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Búútà àlùwàlá ń dín kù, ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e lọ sílé kó gbé e padà wá.