Ẹ yé da omi lé kápẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn

Olóòtú,

Iṣẹ́ ìtọ́jú kápẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń dùn mí bí àwọn gbọ̀ngàn ìnáwó wa ṣe ń bà á jẹ́. Nínú ọ̀kan tí mo dé, wọ́n da omi ọṣẹ lé eruku ọyẹ́, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń yí lé e. Ẹrẹ̀ pupa ló dà! Kò tètè gbẹ, ló bá ń rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa eruku kúrò. Páàdì olówùú abẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí náà, ẹ fún un kí omi má kán mọ́. Bó bá dúdú, ẹ yí i padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí lẹ ń pín káàkiri. Ojú òkè kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹ̀rọ yìí sì ń fọ̀ o. Ìdọ̀tí tó ti wọ ìdí òwú ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde.

Afọkápẹ́ẹ̀tì kan,
Ògbómọ̀ṣọ́