Ní Jàpáàn, orúkọ ni olùdìbò ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí òṣèlú Jàpáàn. Òǹkọ̀wé yín ní àsìkò àwọn ọmọ olóṣèlú ti kógbá wọlé níbẹ̀, nítorí pé àwọn igun inú LDP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti pẹ́ jù lórí àlééfà níbẹ̀, ti túká, àti pé Sanae Takaichi tó di olórí ìjọba ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 kò jogún òṣèlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé ní Saitama, ọmọ Jàpáàn sì ni ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí n bá òǹkọ̀wé yín jiyàn díẹ̀.

Ti Takaichi yẹn, òótọ́ ni. Ọlọ́pàá ni ìyá rẹ̀ ní Nara, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni bàbá rẹ̀. Òun nìkan sì kọ́: àgbẹ̀ ni bàbá Yoshihide Suga tó di olórí ìjọba ní 2020. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí Takaichi bá fìgagbága dé ìpele tó kẹ́yìn nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn. Shinjiro Koizumi ni, ọmọ Junichiro Koizumi tó ṣe olórí ìjọba láti 2001 sí 2006. Aṣòfin ni bàbá Junichiro, aṣòfin ni bàbá ìyá rẹ̀. Ìran mẹ́rin nìyẹn. Ẹ tún wo ẹni tó gbè sẹ́yìn Takaichi tó fi wọlé: Taro Aso, tí igun tirẹ̀ nìkan ṣẹ́kù láìtúká. Ọmọ ọmọ Shigeru Yoshida tó ṣe olórí ìjọba láyé àtijọ́ ni Aso, Aso fúnra rẹ̀ náà ti ṣe olórí ìjọba rí, ọmọ Zenko Suzuki, olórí ìjọba mìíràn, ló sì fi ṣaya. Àlejò gorí àjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ onílé ló di àkàbà mú fún un.

Láàárín 2006 sí 2010, olórí ìjọba mẹ́rin ló tẹ̀léra wọn: Shinzo Abe, Yasuo Fukuda, Aso àti Yukio Hatoyama. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ kò ṣe olórí ìjọba rí. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn méjì tó gbẹ̀yìn. Ní 1954, Ichiro Hatoyama gba ipò lọ́wọ́ Yoshida tí wọ́n jọ ń ṣe kèéta. Ní 2009, ọmọ ọmọ Hatoyama tún gba ipò lọ́wọ́ ọmọ ọmọ Yoshida. Ẹgbẹ́ alátakò ló sì fi wọlé o, ẹgbẹ́ tó ní òun fẹ́ tún ìlú ṣe.

Òǹkọ̀wé yín di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ ru àwọn igun. Igun ní ìdí tirẹ̀. Kí òfin ìbò tó yí padà ní 1994, ẹkùn kan lè mú aṣòfin mẹ́ta sí márùn-ún. LDP a fa bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀ níbì kan náà, wọn a máa já ìbò gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni là níbẹ̀, àfi kí kálukú wá bàbá ìsàlẹ̀ tí yóò fún un lówó, tí yóò sì bá a wá ipò mínísítà bó bá pẹ́ tó. Bàbá ìsàlẹ̀ a pín owó ìgbà ooru, tí wọ́n ń pè ní owó yìnyín, a tún pín ti ìparí ọdún, owó mochi. (Mochi ni ìrẹsì tí wọ́n ń gún lódó bí iyán. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí odó náà, àárò ilé sọ mí gan-an.)

Òfin yí padà, aṣòfin kan péré ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń mú báyìí, síbẹ̀ igun ò kúrò. Ìgbà tí àṣírí tú ní ìparí 2023 pé igun Abe ń dá lára owó tíkẹ́ẹ̀tì àpèjẹ tí wọ́n fi ń kówó jọ padà fáwọn aṣòfin rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, owó tó lé ní 600 mílíọ̀nù yen láàárín ọdún márùn-ún, tí kò sí nínú ìwé ìṣírò, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ká. Fumio Kishida, olórí ìjọba ìgbà náà, ló kọ́kọ́ kéde, ní oṣù Kìíní 2024, pé òun yóò tú igun tòun, tó ti wà láti 1957. Ìran kẹta ni Kishida fúnra rẹ̀ nílé aṣòfin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, mo fojú rí i. Àlejò ni mí, n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, àmọ́ mo máa ń sin ìyàwó mi dé ibùdó ìdìbò. Ìwé ìbò wọn kò ní ìgbálẹ̀, kò ní agboòrùn, kò sí ibi tí èèyàn ń tẹ̀ka sí. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi sílẹ̀ fún olùdìbò, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tó bá fẹ́. Orúkọ tí ìyá rẹ ti ń kọ láti ogójì ọdún kò lè ṣòro fún ọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ìpolongo wọn fi ń gba ojúlé wa kọjá láti aago mẹ́jọ àárọ̀, tí kò ní sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, orúkọ nìkan ni yóò máa pè, tí yóò sì tún pè.

Wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló ń gbé èèyàn wọlé: jiban, àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ ládùúgbò; kanban, pátákó orúkọ; àti kaban, àpò owó. Ọmọ olóṣèlú ń jogún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ òṣèlú bàbá lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ láìsan kọ́bọ̀ owó orí ogún, bẹ́ẹ̀ owó orí ogún ní Jàpáàn kì í ṣeré.

Àgbẹ̀ onírẹsì ni bàbá ìyàwó mi, ní ìgbèríko kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ti wà nínú koenkai, ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn aṣòfin wọn, kó tó bí ìyàwó mi. Wọn a jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ilé aṣòfin ní Tokyo, wọn a sì yà wẹ omi gbígbóná bí wọ́n bá ń bọ̀. Nígbà tí aṣòfin náà fẹ̀yìn tì, mo rò pé akọ̀wé rẹ̀ tó mọ gbogbo ojúlé ni wọn yóò fà kalẹ̀. Rárá o. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Tokyo, tó kàwé ní Tokyo, tó ń wo fóònù kó tó mọ̀nà ìlú bàbá rẹ̀, ni wọ́n lọ bẹ̀. Àwọn ni wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́! Mo bi bàbá ìyàwó mi léèrè ìdí. Wọ́n ní báwọn bá mú akọ̀wé, àwọn kọngílá á fà síbì kan, àwọn káńsẹ́lọ̀ á fà síbòmíràn. Ọmọ nìkan ni kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú.

Àwa máa ń sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ti ibí yìí yàtọ̀. Ìdí ọmọ náà lè má gba ìlẹ̀kẹ̀ rárá. Kí ìlẹ̀kẹ̀ má bàa fọ́n ká ni wọ́n ṣe so ó mọ́ ọn.

Ní 2023, Nobuchiyo Kishi to ìran rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń díje ní Yamaguchi: bàbá rẹ̀ tó ṣe mínísítà ètò ààbò, Abe tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, títí dórí Nobusuke Kishi, bàbá àgbà Abe tó ṣe olórí ìjọba rí. Àwọn èèyàn pariwo, ó yọ ọ́ kúrò. Ó sì wọlé.

Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ mọ̀ bóyá àsìkò wọn ti kógbá wọlé, kó fi olú ilé ẹgbẹ́ ní Tokyo sílẹ̀, kó wá sí abúlé bàbá ìyàwó mi. Aṣòfin wọn tuntun ti bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin, bàbá ìyàwó mi sì ti mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sórí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Saitama, Jàpáàn