Lọ Já Ìwé Ẹ̀rí Rẹ Wálẹ̀ Lára Ògiri Ọkùnrin Yẹn

Kàbà

Àbẹ̀kẹ́ mi, okun o.

Láti ìgbà tí kajú ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni mo ti ń pè ọ́. Fóònù á dún títí, á dákẹ́. Mi ò ní bú ọ torí ìyẹn lónìí. Mo ń kọ̀wé torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ létí èrò, mo sì fẹ́ kí o rí i tún kà.

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìyàrá rìnrìn àjò, eyín ń dùn ún, ó yà síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Nígbà tó padà dé, ṣe ló ń kí mi kú oríire. Ó ní òun rí orúkọ ọmọ mi nínú gíláàsì lára ògiri: ìwé ìforúkọsílẹ̀ MDCN (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà ara àti dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà), ìwé àṣẹ ọdọọdún, fọ́tò rẹ náà wà níbẹ̀. Mo bi í pé ṣé ìwọ lo tọ́jú òun. Ó ní rárá, ọkùnrin kan ni, dókítà ni wọ́n ń pè é, ó sì ní dókítà obìnrin tó ni ìwé yẹn kì í sábà yọjú. Mo wádìí ọkùnrin náà. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni.

Bó bá jẹ́ irọ́ ni, pè mí lónìí, màá bẹ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, lọ já ìwé yẹn wálẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ara bàbá rẹ ti ń yá. Àbúrò rẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. Òrùlé ẹ̀yìn ilé ṣì ń jò, a ti gbé garawa síbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ símẹ́ǹtì ti ba ọ̀nà Ọbájànà jẹ́ débi pé àtidé Lọ́kọ́jà ti di iṣẹ́, nítorí náà ni èmi fúnra mi ò fi tíì wá bá ọ.

O mọ̀ pé therapist eyín, ẹni tó ń fọ eyín fún aláìsàn, ni mo jẹ́ fún ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Ààlà tó wà láàárín àwa oníṣẹ́ eyín, ìjọba ló fà á sínú òfin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Àwọn technologist, ìyẹn àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá bíi ti ọkùnrin yẹn, ní òfin àti ìgbìmọ̀ tiwọn láti 1987. Àwa therapist ní tiwa láti 1993. Ẹ̀yin dókítà eyín àti dókítà ara, òfin 1988 ló so yín pọ̀ sábẹ́ MDCN, òun ni wọ́n kọ sí Orí M8 nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004. Technologist tó mọṣẹ́ níyì púpọ̀. Ó ń ṣe eyín lórí ìwọ̀n ẹnu tí dókítà fi ránṣẹ́ sí i. Àmọ́ kí ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu èèyàn, kí ó gbé ẹ̀mú, òfin kò fún un láyè yẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé MDCN tó bá ń ṣe bíi dókítà eyín, ọ̀daràn ni. Ìwọ tí o fi ìwé rẹ bò ó ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn. Ìwé tí wọ́n fi rán obìnrin aláìsàn kan wá láti ibòmíràn lè sọ pé kí wọ́n yọ eyín 37 (nọ́ńbà la fi ń pe eyín: 36, 37 àti 38 ni eyín ńlá mẹ́ta tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ lápá òsì). Ṣùgbọ́n 36 obìnrin náà ti lọ tipẹ́, 37 ti sún síwájú, ó ti wá dúró sípò rẹ̀. Ẹni tó kàn ń ka eyín láti iwájú á pe 37 yẹn ní 36, á sì fa èyí tó tẹ̀ lé e tu, 38 tí nǹkan kan ò ṣe. Obìnrin náà á padà sílé pẹ̀lú eyín tó ń dùn ún, àti ojú ihò tuntun. Ìwọ á ti bi í léèrè èyí tí wọ́n ti yọ rí, wàá ti wo X-ray, wàá ti ní kó fi ìka kan ibi tó ń dùn ún, wàá sì ti fi irin kan eyín náà kí ẹni tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ náà rí i, kí o tó gbé ẹ̀mú rárá. Ta ló ń ṣe ìyẹn níbẹ̀?

Abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú ńkọ́? Lidocaine ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgò kékeré 1.8 ml, mílígíráàmù 36 ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 15, bí a bá ka 4.4 mg fún kílò kan, 66 ni òpin tirẹ̀. Ìgò méjì péré ti di 72. Bí ẹnu ọmọ náà kò bá tíì kú, ẹni tó kọ́ṣẹ́ á mọ̀ pé ojú ibi tí òun gún ni kò bọ́ sí i, á tún ibẹ̀ wò. Ẹni tí kò kọ́ ọ á fa ìgò kejì, á fa ìkẹta. Bí gìrì bá gbé ọmọ náà lórí àga, orúkọ ta ni ìyá rẹ̀ máa kà lára ògiri?

Ẹ̀gbọ́n wa tún ní inú ìkòkò omi gbígbóná ni ọmọkùnrin kan ti ń yọ irin jáde. Omi tó ń hó kò pa gbogbo kòkòrò. Autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò lára irin, gbọ́dọ̀ dé 121°C fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, tàbí 134°C fún ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ẹ̀mú ṣáájú, torí ooru kì í wọ abẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ bó ṣe yẹ. Téèpù tó ń yí àwọ̀ lára àpò irin, ohun tó ń sọ ni pé ooru kan án. Kò sọ pé àkókò rẹ̀ pé. Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ràn, kò nílò ju ẹ̀jẹ̀ tíntín lọ. Mo mọ̀ pé o mọ gbogbo èyí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, pé o mọ̀ ọ́n.

Mo ń binú, ṣùgbọ́n mi ò kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ṣé o ń jẹun dáadáa?

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí bó bá tú. Ẹnì kan á kọ ìwé ẹ̀sùn sí MDCN. Ìgbìmọ̀ Olùwádìí ló máa kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò, wọ́n á kọ̀wé sí ọ pé kí o sọ tẹnu rẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń ba tiwọn jẹ́: wọ́n á fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á máa retí kí ó gbàgbé ara rẹ̀. Bí Olùwádìí bá rí i pé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìgbẹ́jọ́ àwọn dókítà. Àwọn yẹn lè kìlọ̀ fún ọ, wọ́n lè dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún àkókò tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kí wọ́n pa orúkọ rẹ rẹ́ kúrò nínú ìwé. O ní ọjọ́ 28 láti ìgbà tí ìwé ìdájọ́ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn Kóòdù ìwà iṣẹ́ tí MDCN tẹ̀ jáde sì wà níwájú wọn. Fífi orúkọ ẹni bo aláìkọ́ṣẹ́ jẹ́ ìwà tó ń kó àbùkù bá iṣẹ́ náà, a kì í pè é ní àṣìṣe. Owó gbà-má-bínú tí aláìsàn lè gbà ní ilé ẹjọ́, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì. Oṣù méjìlá ti house job, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn yunifásítì, pẹ̀lú ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀, kí wọ́n tó fún ọ ní èyí tó pé. Mo rántí bí bàbá rẹ ṣe ń gbé ìwé yẹn hàn fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Lọ já a wálẹ̀, Àbẹ̀kẹ́.

Wọ́n tún ní ọkùnrin náà ló ń san owó ìwé àṣẹ ọdọọdún fún ọ, èyí tó ń tó san ní Jánúárì. Bí wọ́n ṣe ń de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ nìyẹn: wọ́n á san án, wọ́n á gba ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á máa fún ọ ní nǹkan lóṣooṣù. Fi owó ara rẹ san án. Kíkọ́ tí MDCN ní kí ẹ máa kọ́ kún ti àtẹ̀yìnwá, ìyẹn CPD, òun náà ni kí o lọ jókòó kọ́. Láìsí i, wọn kì í tún ìwé náà ṣe.

Ní báyìí, èyí tó yẹ kí n fi síwájú. Èmi ni mo ń pè ọ́ ní ìparí oṣù gbogbo: owó ilé ìwé àbúrò rẹ, owó oògùn bàbá rẹ, owó páànù. Mi ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí pé ṣé owó oṣù tìrẹ tó ọ ná. Nígbà tí owó tí o ń fi ránṣẹ́ pọ̀ sí i, mo gbàdúrà fún ọ, mi ò béèrè ibi tó ti ń wá. Ó yẹ kí n béèrè. Láti òní lọ, yọ wa kúrò nínú ìṣírò rẹ títí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí. A ti ta kajú, oúnjẹ wà nílé.

Bí o ṣe máa ṣe é nìyí. Má dá lọ, bàbá rẹ á tẹ̀ lé ọ. Kì í ṣe ìwé inú gíláàsì nìkan ni kí o kó: wo pátákó ìta, ìwé rìsíìtì, ìwé tí wọ́n fi ń kọ oògùn, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ti gbẹ́ òǹtẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ. Òǹtẹ̀ yẹn léwu ju ìwé lọ, torí pé lórí káàdì aláìsàn ló máa ń wà. Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án.

Kọ lẹ́tà fún ọkùnrin náà, ẹ̀dà méjì, kí o kọ ọjọ́ tí o kúrò sí i gedegbe, àti pé o kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti lo orúkọ rẹ mọ́. Kí ó fọwọ́ sí ọ̀kan fún ọ. Bó bá kọ̀, fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí wàá fi ní ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú ẹ̀dà lọ sí iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilé ìtọ́jú aládàáni sílẹ̀. Orúkọ rẹ ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà tó ń bójú tó ibẹ̀, wọn ò sì ní yọ ọ́ kúrò bí o kò bá sọ. Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí tìrẹ pé wọ́n gbà á. Bó bá ní X-ray, béèrè ìwé àṣẹ NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìtànṣán, lórí ẹ̀rọ náà, kí o sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí kò bá sí.

Owó tó bá tún fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Owó tó wọ àpò rẹ lẹ́yìn tí o ní o ti kúrò á pe lẹ́tà rẹ ní irọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti fara pa níbẹ̀, má fọwọ́ kan káàdì rẹ̀, má fi lẹ́tà kan kún un, má pa lẹ́tà kan rẹ́. Lọ́yà ni kí o kọ́kọ́ rí. Àmọ́ wá ẹni náà rí pẹ̀lú, kí o wo ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ, kí o rí i pé ó dé ilé ìwòsàn tó péye. Ìyẹn kò ní dúró de lọ́yà.

Bó bá jẹ́ owó ni, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó mọ́ wà. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó gbà ọ́ bóyá wọ́n gbà á láyè. Kí àdéhùn wà lórí ìwé, kí ọjọ́ tí o máa wà níbẹ̀ hàn, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ọjọ́ tí o kò bá sí, wọn kò ní gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́, wọn kò ní yọ eyín.

Bàbá rẹ á dé Lọ́kọ́jà ní Ọjọ́bọ̀. Ó mú ẹgusi àti iṣu bọ̀, ó sì mú owó díẹ̀ tí wàá fi dá ti oṣù tó kọjá padà fún ọkùnrin yẹn. Má bá a jiyàn lórí owó náà. Bí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ sórí lẹ́tà, ya fọ́tò rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp àbúrò rẹ, tèmi ti bà jẹ́. Kí o sì gbé fóònù bí mo bá pè lálẹ́ òní.

Ìyá rẹ