Lẹ́tà sí Bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Edmonton, Kánádà
Oṣù Kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọyẹ́. Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti fúyẹ́ díẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ohun tí ẹ bi mí lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní, "Ọmọ tí mo ṣe frídọ́ọ̀mù fún ní Tàkíé, tí gbogbo àdúgbò wá jẹ, tí wọ́n mu, ta ló tún sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́?" Bàbá, òótọ́ ni, ọmọ iṣẹ́ ni mo jẹ́ níbí. Ọdún 4 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ títún katakata ṣe ní Alberta. Èèyàn á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó ti gbàwé, lọ́dọọdún á tún lọ jókòó ní kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì ṣèdánwò. Ẹni tó bá yege ìdánwò Red Seal lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìpínlẹ̀ tí wọn kò ti ní mọ iyì ìwé rẹ̀ ní Kánádà. Kò tì mí lójú rárá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò ju kí n fọ ẹ̀rọ, kí n fa gíríìsì sí oríkèé rẹ̀, kí n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. A kì í ka kìlómítà o, wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ la ń kà: 250, 500, 1,000, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń fa ọ́ìlì jáde, a ó gba díẹ̀ sínú ìgò kékeré, a ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bàbà bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, a mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí bíárìn ti máa jẹ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì pariwo rárá. Ẹ̀yin ni mo rántí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa níyẹn. Ẹ máa ń fi ìka méjì ra ọ́ìlì, ẹ ó gbé e sókè sí oòrùn, ẹ ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí ti ń jẹ ara rẹ̀." Ìyẹn ló jẹ́ kó tètè yé mi.

Òtútù ibí le. Nígbà mìíràn lóṣù yìí, ó ń lọ sí 30 lábẹ́ òdo. Dísẹ́ẹ̀lì a máa dì bí epo pupa nígbà ọyẹ́, a sì máa ń ki wáyà iná bọ ẹ́ńjìnnì mọ́jú kó má baà tutù jù.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí kí ẹ rí jù ni àgádágodo. Kí n tó wọ abẹ́ ẹ̀rọ, màá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, màá gé iná bátìrì, màá sì fi àgádágodo tèmi tì í níbẹ̀. Pupa ni, páálí tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ so mọ́ ọn, àpò mi sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Bí a bá jẹ́ mẹ́ta lórí ẹ̀rọ kan, àgádágodo mẹ́ta ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan tó ń kánjú gun òkè ẹ̀rọ tí mo wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rí pupa yẹn, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ wá tíì mu. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wá.

Nítorí Ṣínà tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má jẹ́ kó wọ abẹ́ típà tí jáàkì nìkan gbé dúró mọ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run sì ń ṣọ́ yín. Ọ́ìlì àti rọ́bà kékeré kan nínú jáàkì ló gbé gbogbo ẹrù yẹn. Bí rọ́bà náà bá já, kò sí àyè láti sá. Kó má sì fi búlọ́ọ̀kù ṣe ìtìlẹ́yìn, nítorí ó lè fọ́ lójijì. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀yìn típà sókè, kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin gbè é kí ẹnikẹ́ni tó kó orí bọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún bá mi sọ fún un pé kó má fi ọwọ́ wá ibi tí họ́ọ̀sì katakata ti ń jò. Agbára ọ́ìlì inú rẹ̀ lè ju 3,000 psi lọ, nígbà tí ti táyà ọkọ̀ kékeré kò ju bíi 32. Ó lè gba inú awọ wọlé, kí ojú ihò má ju ti abẹ́rẹ́ lọ, kí ọwọ́ náà sì bàjẹ́ pátápátá. Páálí ni kó fi wá a. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe àgbo.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì Màmá. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó irin ìdúró mẹ́rin tó lè gbé típà kúrò níbẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti páànù. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ń bọ̀ nílé lóṣù Kẹrin, yóò bá mi mú bàtà iṣẹ́ tó nírin níwájú wá fún Ṣínà. Ẹ ní kó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé, kó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ọmọ yín,
Àkànní