Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń bọ̀ wá gbé Erékùṣù Èkó

Àṣàkẹ́ mi,

O kú ìpalẹ̀mọ́. Màámi sọ fún mi lórí fóònù pé o ti ń di ẹrù, pé iṣẹ́ tí o rí ní Marina yóò bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Inú mi dùn gan-an. Yàrá ẹ̀yìn ti wà nílẹ̀ fún ọ. Àmọ́ mo wo àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, gbogbo ilé oúnjẹ Victoria Island àti Lekki tí o ní a óò máa lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé há etí ife, mo wá ní kí n yáa kọ̀wé sí ọ kí o tó wọkọ̀.

N ò sọ pé kí o má lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá sanwó oṣù fún ọ, a óò múra, a óò lọ jókòó sí ọ̀kan, ìwọ ni yóò sì sanwó. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Fẹ́sítáàkì ni púpọ̀ nínú àwọn tí o ń rí níbẹ̀ ti ń wá. Àwa tí wọ́n bí sí Láfíàjí àti Ìsàlẹ̀ Èkó, bí a ṣe ń jayé tiwa yàtọ̀. Ìlú méjì ló wà lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tó ń sọdá afárá wá ló ni ín, ìwọ pàápàá kò ní ráyè fẹsẹ̀ rìn ní Ìdúmọ̀tà. Tó bá di ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ku àwa onílé. Inú ìlú àkọ́kọ́ ni oúnjẹ aládùn wà, inú ìkejì ni atẹ́gùn wà. Àlejò tí kò mọ̀ á jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti wá búkà tí wọ́n ti ròyìn fún un, títì ni yóò bá ilẹ̀kùn ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí olóúnjẹ ń dáná fún ti wà nílé wọn ní òkè odò.

Nítorí náà, ọjọ́ iṣẹ́ ni kí o máa jẹun níta. Láàárọ̀, ẹ̀wà Àgànyìn: àwọn ìyá tó gbé e lérí wá yóò ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa kí o tó wẹ̀ tán. Àwọn ará Tógò àti Kútọnu ló gbé e wá sí Èkó, ọwọ́ wọn ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń dín ata dúdú yẹn. Má fi nǹkan mìíràn jẹ ẹ́ ju búrẹ́dì Agége lọ. Lọ́sàn-án, bí o bá lè sá kúrò ní ọ́fíìsì, béèrè búkà tí wọ́n ń pè ní Ghana High ní Oníkàn. Ilé aṣojú ìjọba Ghana tó wà nítòsí ló sọ ọ́ lórúkọ. O lè rí ọ̀gá báńkì àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀ tí wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn níbẹ̀. Yára lọ, torí ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago méjì, ìyókù ni yóò bá nínú ìkòkò. Bí o bá fẹ́ ìgbín tàbí ẹran ìgbẹ́, ọjà Sandgrouse kò jìnnà sílé wa. Lálẹ́, sùúyà Ọbáléńdé. Àwọn kan ń búra pé ti Glover Court ní Ìkòyí ló dáa jù, owó àwọn olówó Ìkòyí ló ń wọ̀ wọ́n lójú.

Mo mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ni ọ́, àmàlà ni ẹnu rẹ yóò máa wá. Wàá rí i, ó sì dúdú dáadáa. Gbẹ̀gìrì ibí ni kí o má retí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Oúnjẹ kan wà tí kò sí búkà tí yóò tà á fún ọ bó ṣe yẹ. Ọjọ́ Ẹtì Rere nìkan ni wọ́n ń sè é ní Pópó Àgùdà: fréjọ̀n. Ẹ̀wà ni, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ kanlẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi àgbọn àti ṣúgà sè é, ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n sì ń fi jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn a máa wọ́n gààrí sí i lórí. Àwọn baba ńlá Àgùdà tó padà dé láti Bùràsíìlì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló mú un bọ̀. Títí dòní, abọ́ á máa ti ilé Kìrìsìtẹ́nì wọ ilé Mùsùlùmí, wọ́n á tún fi ẹran Iléyá san án padà. Mo ti bá ọ sọ̀rọ̀ sílé kan ní Campos. Kúnlẹ̀ dáadáa kí ìyá yẹn, wọn kì í gbé abọ́ fún ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí Àjíǹde bá wá dé, àwọn ọmọ àdúgbò á wọ aṣọ Fanti, ìyẹn aṣọ kànífà, fèrè àti ìlù á gba gbogbo títì, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ.

Bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́, wàá máa kọjá ní Tinubu Square. Ilé kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí àwọn Àgùdà kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, tó jẹ́ ilé oúnjẹ àti ilé ọtí nígbà ayé ẹ̀. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ló bá di Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, katakata sì wó o lulẹ̀ ní September 2016. Mo ń sọ èyí fún ọ torí o kọ ọ́ pé "ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ dé Lekki ni Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun níta." Ẹ̀gbọ́n rẹ rẹ́rìn-ín títí.

Ó wá ku fàájì òpin ọ̀sẹ̀. Tarkwa Bay ni mo fẹ́ràn jù. Mọ́tò kì í gbé wa débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi la máa ń wọ̀ láti CMS tàbí láti èbúté Tarzan. Ná owó àlọ àti àbọ̀ kí o tó wọlé, kí o sì gba nọ́ńbà awakọ̀. Wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kí o so okùn rẹ̀, má kàn gbé e kọ́ ọrùn torí fọ́tò. Bí òjò bá ṣú, sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ òkun tó ń wọ Àpápá yóò bo oòrùn mọ́ ọ lójú, ìgbì tó bá fi sílẹ̀ yóò sì mú kí o rántí gbogbo àdúrà tí Màámi kọ́ ọ.

Bí ẹ bá dé, wàá rí i pé omi ibẹ̀ rọlẹ̀, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́. Òkúta ló fà á. Láyé àtijọ́, iyanrìn máa ń dí ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun láti fi mọ odi sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta ọ̀hún, reluwé ló ń kó o wá. Abẹ́ ààbò odi yẹn ni Tarkwa Bay jókòó sí. Ṣùgbọ́n òkun àgbègbè wa máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí odi dí i lọ́nà, iyanrìn kó jọ sí apá Lighthouse Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bar Beach tó wà ní ìhà kejì kò rí iyanrìn tuntun gbà mọ́, òkun ń ṣán an jẹ lọ́dọọdún, títí omi fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello.

Bar Beach yẹn, o ò bá a. Ẹ̀yin ọmọ òkè, Eko Atlantic lẹ mọ̀, àwọn ilé gíga tí wọ́n kọ́ sórí iyanrìn tí wọ́n tú dí òkun, tí wọ́n tún fi odi òkúta mìíràn yí ká. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibẹ̀ ni gbogbo Èkó ń lọ lọ́jọ́ ọdún. Aláṣọ funfun ń gbàdúrà lápá kan, ẹlẹ́ṣin ń gbé ọmọ kiri lápá kejì, oníbọ̀ọ̀lì ń fẹ́ iná. Àwọn àgbà ilé wa kì í fẹ́ lọ síbẹ̀ rárá, torí ibẹ̀ ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba, Oyènúsì wà lára wọn ní 1971, èrò sì kún wòran. Bàbá wa àgbà wà nínú èrò ọjọ́ yẹn. Wọn kò fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn Bar Beach mọ́ títí wọ́n fi kú.

Tarkwa Bay náà ní ti ẹ̀ lára. Ní January 2020, àwọn ológun ojú omi lé àwọn ará ibẹ̀ jáde nínú ilé wọn, wọ́n ní àwọn kan ń jí epo nínú páìpù níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi pátákó gun ìgbì wà lára àwọn tí wọ́n lé. Bí o bá rí ẹni tó ń ta ẹja yíyan tàbí tó ń yá èèyàn ní àga níbẹ̀, má ná ọjà náà jù.

Landmark Beach tó wà nínú fọ́tò tìrẹ, wọ́n ti wó púpọ̀ nínú ẹ̀ ní 2024 torí títì etíkun tó ń lọ sí Calabar. Àwòrán àtijọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ sí ọ. Ti Elégùṣì àti Òníru wà, wọ́n á gba owó lẹ́nu ọ̀nà, orin á máa dún. Jó, jẹun, ṣùgbọ́n má wọnú omi níbẹ̀, òkun gbalasa ni, kò sí odi tó dá a dúró.

Bí ara kò bá fẹ́ omi, ọgbà ẹranko igbó Lekki wà. Afárá orí igi ibẹ̀ gùn tó mítà 401. Fi bísíkíìtì rẹ pamọ́ fún ọ̀bọ.

Freedom Park ní Broad Street ni ìwọ yóò lọ jù, torí kò jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ, ọ̀kan sì ni nínú àwọn ibi jíjẹun tó ṣì ń ta nígbà tí ìlú ti dá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi Herbert Macaulay sí. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i bíi ọgbà ìgbafẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń so èèyàn rọ̀ láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni pèpéle tí àwọn olórin ń dúró sí. Àwọn kan á ní kò yẹ. Èmi rò pé ó yẹ. Jókòó sábẹ́ igi, jẹ ẹja yíyan rẹ, kà orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Láti ibẹ̀, fẹsẹ̀ rìn dé Oníkàn. Dókítà J. K. Randle kọ́ odò ìwẹ̀ síbẹ̀ ní 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè rí ibi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ilé àṣà Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ wọn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ilé ọnà ìjọba wà lọ́ọ̀ọ́kán, mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, sí ní 1976 wà nínú ẹ̀, ihò ọta ṣì hàn lára ẹ̀.

Nípa ìrìn àjò, ará Erékùṣù kì í fi kìlómítà ka ọ̀nà, afárá ló ń kà. Láyé Gómìnà Jákàńdè, ọkọ̀ ojú omi ìjọba, Baba Kékeré àti Ìta Fájì, ló ń ná Mile 2 sí Marina. Reluwé aláwọ̀ búlúù ló ń ná ọ̀nà yẹn láti September 2023. Ra káàdì Cowry, èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, lọ́jọ́ tí o bá dé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ̀ ọ́ láti Marina láìní ibi kan pàtó tí o ń lọ, jókòó sétí fèrèsé, kí o wo bó ṣe ń gba orí omi kọjá lọ sí Ìgánmú. Bí o bá fẹ́ wálé, ọkọ̀ ojúirin tó ń lọ sí Mọníyà ń gbéra ní Èbúté Mẹ́ta. Láàárọ̀ kùtù ni kí o kúrò nílé, Carter Bridge kò mọ ẹni tó fẹ́ bá reluwé.

Bàtà tí kò ní gìgísẹ̀ ni kí o kó wá jù, òjò ń bọ̀, omi sì máa ń gba ojú títì wa. Bá mi ra ẹ̀lúbọ́ ní Bódìjà, kí o sì bá mi kí Màámi àti gbogbo ará ilé. Àbámẹ́ta tí o bá kọ́kọ́ lò níbí, mi ò ní dáná.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, ní Láfíàjí