Lẹ́tà sí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́: iye tí ẹ kò bá kà, ẹ má kọ ọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdúró. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú mi kò tíì kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ. N ó yà síbí, n ó yà sọ́hùn-ún kí n tó sọ ọ́ tán. Ẹ bá mi fara dà á, bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ gbé ṣáàtì àwọn aláìsàn yín, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ń kọ mímí sí. Bó bá jẹ́ irú wọ́ọ̀dù tí mo mọ̀ ni, ẹ ó rí i pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ ń mí ní ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Baba tí ikọ́ fée ń dà láàmú ń mí ní ìgbà 20. Ọmọdébìnrin tó fẹsẹ̀ kán ń mí ní ìgbà 20. Nígbà tó bá di aago mẹ́fà ìdájí, gbogbo wọn tún ń mí ní ìgbà 20. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, pẹ̀lú gbogbo ìdánrawò wọn, wọn ò lè mí pọ̀ báyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ fẹ́ mọ́, àwọn tó máa gbaṣẹ́ ti ń bọ̀, ṣáàtì ṣófo, nọ́ọ̀sì bá fa bírò yọ, ó kọ 20 láti òkè délẹ̀. Èyí gan-an ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe. Iye tí ẹ kò bá fojú rí, tí ẹ kò fọwọ́ ara yín kà, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

Mímí wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ yí padà nígbà tí àìsàn bá fẹ́ burú sí i, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀, kí ojú tó yí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ìlànà NEWS2, tó jáde ní 2017, tí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń fún aláìsàn ní máàkì bí ewu rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, mímí ló wà lórí ìlà àkọ́kọ́. Àgbàlagbà tó ń mí láàárín 12 sí 20 kò gba máàkì kankan. Tó bá ti tó 25, máàkì 3 ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè pe ẹni tó jù yín lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Lọ́ndọ̀nù àti Manchester mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń kà á kò le. Ẹ di ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni ń wo bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù, kí ẹ máa wo àyà rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má sọ fún un pé mímí rẹ̀ lẹ̀ ń kà, nítorí ẹni tó bá mọ̀ á yí i padà.

Ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, iye yìí kan náà ló ń pinnu bóyá ọmọ á gba amoxicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11 tó ń wúkọ́, bí mímí rẹ̀ bá ti tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, òtútù àyà la ó kà á sí. Ọmọ ọdún 1 títí dé ọdún 5, 40 ni. Kì í ṣe ilé ìwòsàn olówó ńlá ni òfin yìí ti jáde. Papua New Guinea ni ìwádìí rẹ̀ ti gbilẹ̀, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, níbi tí ẹ̀rọ kò ti tó bíi tiwa níbí. Wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ tó ń wúkọ́, wọ́n ka mímí wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nísinsìnyí, ọmọ ọwọ́ tó ń mí ní ìgbà 58, tí ẹ kọ 20 fún, ẹ ti dá a padà sílé pẹ̀lú parasítámọ̀.

Ẹnì kan á ní, "Mama, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sórí ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wà." Ẹ lò ó, ó dára. Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà fi ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ wé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an. Wọ́n rí i pé ó máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó nígbà tí kò tó, àti pé lára aláwọ̀ dúdú, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń ṣe lára aláwọ̀ funfun. Ta ni àwọn aláìsàn yín ní Àkúrẹ́ àti Òṣogbo bí kò ṣe aláwọ̀ dúdú? Ó dùn mí díẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ìbéèrè yẹn ti jáde.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín láti ibi tí mo jókòó sí: "Mama, àwa méjì péré la wà lórí ọgbọ̀n aláìsàn lóru. Ta ló ráyè ka mímí?" Òótọ́ ni, mi ò bá yín jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò wò ni pé ìgbàkígbà tí ẹ bá fi irọ́ dí àlàfo inú ṣáàtì, ẹ ti bá ìjọba jẹ́rìí pé nọ́ọ̀sì méjì tó. Àwọn tó ń pín owó kì í wá sí wọ́ọ̀dù lóru. Ìwé ni wọ́n ń kà, ìwé yín sì sọ fún wọn pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "A kò ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì 2, aláìsàn 31, a ń du ẹ̀mí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 7." Àlàfo tó ní ìdí, ẹ̀rí ni. Ọ̀gá lè bínú sí i. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Linda Aiken, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania, mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jà. Nínú iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014, wọ́n yẹ ìwé àwọn aláìsàn tó lé ní 420,000 wò, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn 300, ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù. Aláìsàn kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì, ewu pé kí aláìsàn kú láàárín 30 ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ní California, láti 2004 ni òfin ti fi gbèdéke lé iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan lè mú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílé wa, ṣé inú ṣáàtì tí gbogbo ayé ti ń mí ní ìgbà 20 ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù. Láyé tiwa, bí obìnrin bá bímọ tán, ojú la fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. "Kò pọ̀." "Ó pọ̀ díẹ̀." Ẹ̀jẹ̀ á wọ tìmùtìmù, á wọ aṣọ, díẹ̀ á ṣàn sílẹ̀, nígbà tí ojú bá fi máa gbà pé ó ti pọ̀, ara ìyá ti ń tutù. Ìwádìí E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, tẹ́ ọ̀rá kan tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá, kí agbẹ̀bí lè máa ka ohun tó ń dà sínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn 80 ni wọ́n ti ṣe é, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, àwọn ìyá tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kano wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà, wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní oògùn oxytocin àti tranexamic acid láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró wo bóyá ọ̀kan á ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó mú èkejì. Níbi tí wọ́n ti ń wò ó bí a ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ jù ni wọ́n rí. Níbi tí ọ̀rá wà, wọ́n rí 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn di ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́pọ̀lọpọ̀, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì tàbí ikú fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ọ̀rá lásán ni o! Ọ̀rá, àti agbẹ̀bí tó ń kà.

Ní ti àìsàn ọpọlọ, kò sí ọ̀rá tí a lè tẹ́. Etí la fi ń ṣe é. Ìyá kan gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ bi í pé, "Ara ńkọ́?" Ó ní, "A dúpẹ́." Ẹ bá kọ ọ́ pé kò sí ìṣòro. Ta ni kì í dúpẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá? Ẹ tún bi í. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn nígbà tí ọmọ bá sùn? Ṣé nǹkan ṣì ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ Edinburgh pè, ó jáde ní 1987, irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ìbéèrè ìkẹ́yìn inú rẹ̀ ni bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó máa ń fò ó, tí á kàn fa ìlà sí i pé "rárá", nítorí ojú ń tì í láti béèrè. Irọ́ yẹn àti 20 ti inú ṣáàtì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ béèrè. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn. Bó bá sì sọ pé, "Orí mi ń gbóná, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀," ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀fọ́rí.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1954, ní Àrò, Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gbàtọ́jú lójúmọmọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ayé gbọ́. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan tó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mọ̀ jáde. Aláìsàn 307 tí ọpọlọ wọn dàrú ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì ni wọ́n ti bá wọn, ní Nàìjíríà àti ní Ghana. Fún apá kan nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìlera láti sẹ́ńtà ń lọ bá wọn níbẹ̀, ó ń fún wọn lóògùn, òun àti oníṣègùn náà sì jọ ń tọ́jú wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tiwọn yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jágbe mọ́ ẹbí aláìsàn pé kí ni wọ́n lọ ṣe lọ́dọ̀ wòlíì, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ.

Òfin tí wọ́n fi ń de aláìsàn ọpọlọ láti ayé àwọn òyìnbó, 1916, ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá wọlé ni, ní oṣù kìn-ín-ní 2023, nígbà tí ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ẹ wá a kà.

Bí àwọn olùwádìí bá wá sí wọ́ọ̀dù yín, ẹ rántí Kano. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer fi oògùn Trovan dán àwọn ọmọdé wò. Àwọn òbí sì ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Nígbà tí dókítà bá ti jáde, ẹ̀yin ni ìyá ọmọ máa yíjú sí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n tẹ̀ka?" Bí ẹ kò bá lè fi Yorùbá tó mọ́ sọ fún un ohun tó wà nínú ìwé náà, ìka kò gbọdọ̀ kan ìwé.

Ọ̀rọ̀ próójẹ́ẹ̀tì, ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kó tó gboyè, ńkọ́? Kòfowórọlá Àbẹ́ní Pratt, tó kọ́ṣẹ́ ní St Thomas' ní Lọ́ndọ̀nù, tó wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ métírọ́ọ̀nù UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó jà kí iṣẹ́ wa wọ yunifásítì. Ní 1965, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yin wá ń ra próójẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ ń yí orúkọ ìlú padà. Ó ti sú mi láti máa rí "ìmọ̀, ìwà àti ìṣe àwọn ìyá nípa" báyìí báyìí. Ẹ béèrè ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà tí aláìsàn bá ti ní ara ń ro òun, ó tó wákàtí mélòó kí oògùn tó dé ọwọ́ rẹ̀? Kí ló dé tí ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Penta lọ́sẹ̀ kẹfà kò padà wá lọ́sẹ̀ kẹrìnlá?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ òkè òkun, mi ò dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka mímí. Ọwọ́ tó ti mọ́ra láti kọ 20 á bá yín rìnrìn àjò.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó ra ìwé kékeré kan tó wọ àpò aṣọ iṣẹ́. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn kankan síbẹ̀. Ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ sójú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ mú un tọ ọ̀gá wọ́ọ̀dù yín lọ, kí ẹ sì wá ẹnì kan tó mọ ìṣirò. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì ẹnikẹ́ni nítorí ìwádìí, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí ní ilé ìwòsàn yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù wọn gùn, èsì wọn sì máa ń pẹ́, nítorí náà ẹ tètè gbé e lọ. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ tún un kọ.

Èmi ni ìyá yín,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.