Ẹ fún àwọn ọmọbìnrin ní pápá

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Nígbà tí Mòrókò fi góòlù méjì ṣíwájú ikọ̀ obìnrin wa, Super Falcons, nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà àwọn obìnrin ní July 2025, àwọn ọkùnrin kan nílé ìwòran ní Kábbà ti ń wá bàtà wọn. Rasheedat Ajibade onírun búlúù, balógun ikọ̀ wa, kò lọ síbì kankan. A borí pẹ̀lú 3-2, òun náà ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nínú ìdíje náà.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù FC Robo l'Ékòó ló ti lọ sí Norway, Atlético Madrid àti Paris. Níbí, bí iléèwé bá ti jáde, ọmọkùnrin ló ni pápá. Ọmọbìnrin ló ń ṣọ́ báàgì. Ẹ̀yin alága ìbílẹ̀, láti Kábbà dé Ìsánlú, ẹ ṣètò ìdíje tiwọn kí ìbò tó dé.

Òǹkàwé yín, Kábbà